Ọmọ Alágbẹ̀dẹ àti Ìlà Òòfà

Ní Òkè-Ìlá níbí, bí sípíkà rédíò bá bàjẹ́, òòfà inú rẹ̀ làwọn ọmọdé máa ń yọ. Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, mo fi pépà lé e, mo wọ́n èérún irin sí i. Èérún to ara wọn bí ìlà. Ọmọ kan ní, "Bàbá, ọwọ́ wo ló ń fà á?"

Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ (ọmọ Ògún ni ká kúkú pè é), kò mọ ìṣirò gíga. Ohun tó rí ni pé ìlà wọ̀nyẹn ń fẹ́ kúrú bíi rọ́bà tí a fà, wọ́n sì ń ti ara wọn sí ẹ̀gbẹ́. Maxwell sọ ọ́ di ìṣirò ní 1861, ohun tí à ń pè ní stress tensor lónìí. Bí òòfà bá dúró sójú kan, ẹ fọkàn ya awọ yí irin náà ká, kí ẹ ro gbogbo fífà àti títì ojú awọ náà pọ̀: agbára tó ń fa irin náà nìyẹn. Níbi tí òòfà bá ti tó tesla 1, fífà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin títì afẹ́fẹ́ tó yí wa ká.

Ní 1857, Faraday kọ̀wé sí Maxwell, ó bi í bóyá àwọn oníṣirò ò lè fi èdè gbogbo èèyàn sọ ohun tí wọ́n bá rí. Ó pẹ́ tí mo ti ka lẹ́tà yẹn o! Síbẹ̀, fọ́múlà nìkan ni mo ń kọ sójú pátákó lọ́dọọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń há a sórí, èmi náà ń máàkì í.

Ọmọ yẹn ṣì dúró. Mo wá rọ́bà kan, mo ní kó di ìdí kejì mú.