Ìbọn Bóòtù àti Ìbọn Tó Ń Kì Ara Rẹ̀: Ìtàn Àríyànjiyàn Kan ní Pápá Ìdánrawò

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń kọ́ni ní ìbọn yíyìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti nílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń jiyàn lórí irú ìbọn tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi dánra wò kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ ọn. Àwọn kan fara mọ́ ìbọn bóòtù, ìyẹn ìbọn tó jẹ́ pé ẹni tó dì í mú gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ gbé ọ̀pá irin róbótó tó ti ìdí ìbọn pa sókè, kí ó fà á sẹ́yìn kí èèpo ọta tó ti yìn lè fò jáde, kí ó sì tún tì í síwájú kí ọta tuntun lè wọlé, kí ó tó lè yìnbọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn mìíràn fara mọ́ ìbọn tó ń kì ara rẹ̀, èyí tó ń fi agbára ẹ̀tù tó jó ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn, débi pé kò sí ohun tó kù fún ẹni tó mú un dání ju pé kí ó máa fa irin ìyìnbọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tọpa àríyànjiyàn náà dé orísun yóò rí i pé ìbẹ̀rù tó wà nídìí rẹ̀ dàgbà ju ìbọn méjèèjì lọ, ìyẹn ìbẹ̀rù pé bí ìbọn bá ti yá jù, ọta yóò máa ṣòfò, ẹni tó ń yìn ín kò sì ní fara balẹ̀ wojú àmì mọ́.

Ìbọn tí gbogbo ayé kọ́kọ́ mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń ti ẹnu rẹ̀ kì, irú èyí tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní ṣakabùlà. Ẹni tó bá fẹ́ kì í ní láti dìde dúró tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó da ẹ̀tù sí i, kí ó sì fi ọ̀pá tì í wọlé. Ní 1841, ìjọba Prussia gba ìbọn tí Johann Nikolaus von Dreyse ṣe wọlé fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ìdí ni wọ́n sì ti ń fi bóòtù kì í. Nígbà tí Prussia bá Austria jà ní 1866, àwọn ọmọ ogun Prussia lè dùbúlẹ̀ kì ìbọn wọn, kí wọ́n sì máa yìn ín léraléra, nígbà tí àwọn ọ̀tá wọn ṣì wà lórí ìdúró pẹ̀lú ìbọn ẹlẹ́nu. Àǹfààní ìbọn onídìí kò pẹ́ kó tó dé ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, nítorí nínú ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn Snider, tí wọ́n ń ti ìdí kì, ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn, ìyẹn sì kó àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sí wàhálà gidi.

Ohun tó sọ ìbọn bóòtù di ọba láàárín àwọn ìbọn ni ẹ̀tù aláìléèéfín tí Paul Vieille ṣe nílẹ̀ Faransé ní 1884, àti ilé ọta, ìyẹn àpótí kékeré abẹ́ ìbọn tí ọta márùn-ún tàbí mẹ́wàá lè wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Paul Mauser ti ilẹ̀ Jámánì gbé ìbọn tó lókìkí jù lọ nínú irú rẹ̀ jáde ní 1898. Ìbọn Lee-Enfield ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dé ní 1895, ó sì gba orúkọ rẹ̀ lára James Paris Lee tó ṣe ètò bóòtù rẹ̀ àti lára ìlú Enfield tí ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba wà. Lára Lee-Enfield ìgbà náà, pẹlẹbẹ irin kan wà lápá ọ̀tún tí ènìyàn lè tì wọlé kí ó bo ẹnu ilé ọta. Bí ó bá ti bò ó, ọta inú ilé kò lè gòkè wá mọ́, ọmọ ogun ní láti máa fi ọwọ́ mú ọta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ìbọn, kí ó sì fi àwọn tó wà nínú ilé pamọ́ di ìgbà tí ọ̀gá bá pàṣẹ. Ìbọn Springfield ti Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1903, ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Irin kékeré yìí ni ẹ̀rí tó hàn jù lọ nínú gbogbo ìtàn náà: àwọn ọ̀gá ogun ra ìbọn tó yá, wọ́n sì tún sanwó ohun tí yóò mú un falẹ̀, torí pé ọkàn wọn kò balẹ̀ lórí ẹni tí yóò yìn ín. Nígbà tí ogun 1914 gbóná, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ kúrò kí iṣẹ́ ṣíṣe ìbọn lè yá sí i.

Kí ogun yẹn tó dé, pápá ìdánrawò ti gbilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1853 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìbọn yíyìn sílẹ̀ ní Hythe fún àwọn ọmọ ogun. Ní 1859 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ National Rifle Association sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú, Ọbabìnrin Victoria sì ni ó yin ọta àkọ́kọ́ nígbà ìdíje wọn ní Wimbledon ní 1860, lórí ìbọn Whitworth tí wọ́n ti dè mọ́ orí ìdúró irin kó má bàa yẹ̀. Ní 1890 ni wọ́n kó lọ sí Bisley. Ṣùgbọ́n ogun tí wọ́n bá àwọn Boer jà ní Gúúsù Áfíríkà láti 1899 sí 1902 ni ó kọ́ wọn lọ́gbọ́n jù lọ, nítorí ìbọn Mauser ni àwọn Boer mú dání, tí wọ́n ń fi ìdè irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti ọta márùn-ún wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìka mú ọta wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ogun náà ni wọ́n tún Lee-Enfield ṣe kó lè gba ìdè ọta. Wọ́n sì fi ìdánrawò tuntun lélẹ̀, pé kí ọmọ ogun yin ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín ìṣẹ́jú kan sí àmì tó wà ní 300 yáàdì, kí ìdí ìbọn má ṣe kúrò ní èjìká rẹ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí bóòtù. Ìdánrawò yìí so ìyára pọ̀ mọ́ ìfarabalẹ̀, ó sì yẹ kó ti parí ìjiyàn náà, torí ó fi hàn pé ẹ̀kọ́ ni ó ń sọ ọwọ́ di ọwọ́ tó dúró sójú kan.

Amẹ́ríkà kò kẹ́yìn. Àwọn ológun méjì, William Conant Church àti George Wingate, dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní New York ní 1871, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ìdánrawò ìbọn ní 1903, ìdíje orílẹ̀-èdè sì bẹ̀rẹ̀ sí wáyé ní Camp Perry, létí adágún Erie, láti 1907. Springfield ni ìbọn tí wọ́n ń dì mú níbẹ̀, ìfẹ́ tí àwọn tó ń yìn ín ní sí i sì jinlẹ̀ púpọ̀.

Ní ti ìbọn tó ń kì ara rẹ̀, ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́ ní 1908, èyí tí Manuel Mondragón ṣe. Ẹni tó sọ ọ́ di ohun gbogbo ayé ni John Garand, tí wọ́n bí ní Quebec ní 1888, tó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba ní Springfield. Nínú ìbọn rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń lé ọta lọ ni ó ń ta ọ̀pá kan sẹ́yìn nítòsí ẹnu ìbọn, ọ̀pá náà ni ó ń ṣí bóòtù, èèpo ọta á fò jáde, irin sípíríǹgì á sì dá bóòtù padà síwájú pẹ̀lú ọta tuntun. Ọta mẹ́jọ ló wà nínú ìdè kan. Bí ọta ìkẹjọ bá ti jáde, ìdè náà á fò sókè pẹ̀lú ìró irin tí gbogbo ẹni tó ti lò ó mọ̀ dunjú. Amẹ́ríkà gbà á wọlé ní 1936.

Àwọn tó kọ̀ ọ́ jù lọ ni ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ìbọn yíyìn ṣe ògo wọn. Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní San Diego ní 1940 fi hàn pé Springfield fara da ẹrẹ̀ àti omi òkun ju Garand lọ, àmọ́ Garand ń ta ọta púpọ̀ jù ú lọ bá àmì láàárín àkókò kan náà. Wọ́n gba Garand ní 1941, síbẹ̀ Springfield ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Guadalcanal ní oṣù kẹjọ 1942. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ kan dé bá wọn ní oṣù kẹwàá pẹ̀lú Garand lọ́wọ́, ojú ogun parí ohun tí ìjiyàn kò lè parí, torí àwọn Marine fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí wọn yóò fi rí i gbà.

Ní pápá ìdánrawò, ọ̀rọ̀ náà kò yanjú lọ́nà kan ṣoṣo. Níbi ìdíje ìyìnbọn kíákíá, tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ yin ọta mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹni tó mú Garand yóò kọ́kọ́ ki ọta méjì, lẹ́yìn náà yóò ki ìdè ọta mẹ́jọ, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lórí àmì láàárín ọta kan sí èkejì. Àmọ́ níbi tí àkókò bá ti wà, tí ọ̀nà sì jìn dé 1000 yáàdì, ìbọn bóòtù bíi Winchester Model 70, tó jáde ní ọdún 1936 kan náà, ni ọ̀pọ̀ ń gbé, nítorí kò sí irin tó ń rìn nínú rẹ̀ nígbà tí ọta bá ń jáde. Ó tún dín owó kù, torí èèpo ọta kò fò lọ sínú koríko, ẹni tó bá fẹ́ tún un kì lè ká á sápò. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1988 ni ó pàṣẹ, ó gba ìbọn tó ń kì ara rẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú, àyàfi àwọn kékeré tó ń yin ọta .22, ó sì fi Bisley sílẹ̀ fún bóòtù.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jagun ní Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fi Lee-Enfield jà. Lẹ́yìn òmìnira, FAL ti Belgium, tó ń kì ara rẹ̀, dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tó lè sọ ní òtítọ́ pé ìyípadà náà ni ó ba ìbọn yíyìn jẹ́ níbikíbi. Àwọn tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bóòtù rí i dáadáa pé fífi ọwọ́ kì í ń fún un láyè láti mí, kí ó sì ro ọta tó kàn. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n ní ìbọn ni ó ń kọ́ni ní sùúrù, nígbà tó jẹ́ pé olùkọ́ ni ó ń kọ́ni. Àwọn Marine tó bẹ̀rù Garand ti gbé bóòtù sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di òní sì ni wọ́n ń kọ́ àwọn tuntun wọn láti máa yin ọta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá àmì tó wà ní 500 yáàdì.