Áńtíjìn àti Alumíníọ̀mù Nínú Abẹ́rẹ́ Àjẹsára: Báwo Ni Ìdè Náà Ṣe Yẹ Kó Le Tó?

Ẹni tó bá ti pọn omi ẹlẹ́rẹ̀ sínú ìkòkò rí mọ iṣẹ́ tí álọ́ọ̀mù ń ṣe. A ó fi òkúta funfun náà ro omi, a ó gbé e kalẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹrẹ̀ tó fọ́n káàkiri yóò fi ṣùjọ, tí yóò rọ̀ sísàlẹ̀, tí omi òkè yóò sì mọ́ gaara. Álọ́ọ̀mù yìí, tó jẹ́ iyọ̀ alumíníọ̀mù kan, ni Alexander Glenny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní ilé ìwádìí Wellcome nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1926. Wọ́n dà á sínú oró àrùn dífítéríà tí wọ́n ti fi fọ́málínì pa agbára rẹ̀, oró náà sì rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀. Nígbà tí wọ́n gún àwọn gíní píìgì ní abẹ́rẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn, ara àwọn ẹranko náà dìde sí àrùn ju ti àwọn tó gba oró tí a pa agbára rẹ̀ náà láìsí álọ́ọ̀mù lọ.

Áńtíjìn ni èròjà kòkòrò àrùn tí à ń fi han ara kó lè dá ọ̀tá rẹ̀ mọ̀. Bó bá dá wọlé, ara lè má kà á sí. Alumíníọ̀mù ló ń bá a ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni bí àwọn méjèèjì ṣe ń so mọ́ra, àti bí ìdè náà ṣe yẹ kó le tó. Ní tèmi, apá kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wà.

Oríṣi iyọ̀ alumíníọ̀mù méjì ló wọ́pọ̀ nínú àjẹsára: háídróksáídì àti fọ́síféètì. Ẹyọ wọn kéré gan-an. Bí a bá lè tẹ́ ojú gbogbo ẹyọ tó wà nínú gíráàmù háídróksáídì kan ṣoṣo sílẹ̀, yóò fẹ̀ tó nǹkan bí 500 mítà onígun mẹ́rin. Àyè pọ̀ fún áńtíjìn láti jókòó. Àmọ́ ìwà wọn yàtọ̀. Nínú omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.4, tó sún mọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ojú háídróksáídì dà bí orí pọ́sítíìfù bátìrì, ti fọ́síféètì sì dà bí ìdí nẹ́gétíìfù.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹyin adìyẹ ṣe àpẹẹrẹ. Purotéènì méjì wà nínú funfun ẹyin kan náà. Nẹ́gétíìfù ni ọfalibúmínì ní pH yẹn, pọ́sítíìfù sì ni láísósáìmù. Pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù a máa fa ara wọn, nítorí náà bí a bá da ọfalibúmínì sórí háídróksáídì, á gbá a mú. Bí a bá dà á sórí fọ́síféètì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni yóò kàn máa léfòó lọ nínú omi. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni láísósáìmù ń ṣe. Ìdè báyìí kò fi bẹ́ẹ̀ le. Bí iyọ̀ inú omi bá pọ̀ sí i, ó lè tú.

Ìdè kejì lágbára jù ú lọ. Bí áńtíjìn bá ní fọ́síféètì lára, fọ́síféètì náà á lé ẹyọ háídróksììlì kan kúrò lójú alumíníọ̀mù, á sì gba ipò rẹ̀. Áńtíjìn àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì B, èyí tí wọ́n ń fi íìsì ṣe, ní ọ̀rá tó ní fọ́síféètì, nítorí náà ó máa ń dì mọ́ háídróksáídì pinpin. Iyọ̀ nìkan kò lè tú èyí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé bó bá ṣe le tó ni yóò ṣe dára tó. Iṣẹ́ Stanley Hem àti ikọ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi fọ́síféètì díẹ̀díẹ̀ bo ojú háídróksáídì kí ìdè áńtíjìn hẹpatáítìsì B lè dẹ̀. Nígbà tí wọ́n gún àwọn eku, àwọn tó gba èyí tó dì jù ni ohun ìjà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré jù. Sẹ́ẹ̀lì ara gbọ́dọ̀ já áńtíjìn sí wẹ́wẹ́ kó tó lè fi han àwọn yòókù, ohun tó bá sì dì jù ṣòro láti já. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ilé iṣẹ́ tó bá wọn iye áńtíjìn tó lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù, tí kò wọn bí ìdè náà ṣe le tó, ìlàjì iṣẹ́ ló ṣe.

Glenny gbà pé alumíníọ̀mù dà bí àká tó ń tú áńtíjìn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò rò pé àlàyé yìí tó mọ́. Sítíréètì àti purotéènì inú omi ara máa ń lé ọ̀pọ̀ áńtíjìn kúrò kíákíá. Lọ́dún 2012, àwọn olùwádìí gé ojú ibi tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí lára eku kúrò ní wákàtí méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ara àwọn eku náà dáhùn bó ṣe yẹ.

Ohun kan wà tó ń ba gbogbo ètò yìí jẹ́ kó tó dé ara ọmọ rárá: dídì. Àjẹsára alálumíníọ̀mù kò gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Selsíọ́ọ̀sì. Bó bá di yìnyín, yìnyín á ti àwọn ẹyọ náà lu ara wọn, wọn á ṣùpọ̀, agbára àjẹsára á sì dínkù. Bó bá yọ́ padà, ìṣùpọ̀ náà kò ní tú. Nọ́ọ̀sì tó bá fura sí ìgò kan yóò mú òmíràn irú rẹ̀ kan náà, yóò mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dì gbagidi, yóò sì jẹ́ kó yọ́. Yóò mi méjèèjì pọ̀, yóò gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, yóò sì máa wò wọ́n. Ìgò tí kò dì rí yóò ṣì funfun bí omi ògì nígbà tí èyí tó dì bá ti ń mọ́ lókè, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ìgò tó ń fura sí bá rọ̀ bákan náà pẹ̀lú èyí tó dì, tàbí tó yá jù ú lọ, kò ní gún un fún ọmọ kankan.