Ọmọ tó fẹ́ẹ́ ka tíátà ní yunifásítì

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó fẹ́ràn eré orí ìtàgé ló ti ń pàdánù àyè yunifásítì láti SS 1, kí ọ̀rọ̀ JAMB tó dé rárá. Òbí tó ń wá dókítà sínú ilé á ti ọmọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, níbi tí ọ̀pọ̀ kì í ti í ka Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lítíréṣọ̀ yìí gan-an sì ni ẹ̀ka tíátà máa ń béèrè pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú èsì WAEC tàbí NECO àti nínú ìdánwò JAMB. Bó ti wù kí ọmọ mọ eré ṣe tó, bí kò bá ní i, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí.

Orúkọ ẹ̀ka náà kò dọ́gba níbi gbogbo. Theatre Arts ni wọ́n ń pè é ní Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀kọ́ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Performing Arts ni ti Ìlọrin. Dramatic Arts ló ń jẹ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ìlú tí Ọlá Rótìmí ti kọ́kọ́ gbé The Gods Are Not to Blame sórí ìtàgé ní 1968. Ní Ifẹ̀ yìí, ẹ̀ka orin dá dúró lọ́tọ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé orin ló wà lọ́kàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣi fọ́ọ̀mù kọ.

Kí òbí tó sanwó fọ́ọ̀mù, ó yẹ kó bá ọmọ lọ wo eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Ta ló ń bójú tó iná? Ta ló rán aṣọ? Ta ló darí eré? Bó bá jẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni, iṣẹ́ tí ọmọ lè kọ́ níbẹ̀ kọjá ti òṣèré.