Àwọn Ọmọ Ogun Oníkẹ̀kẹ́: Ìrìn Àjò Ibùsọ̀ 1,900 ní Ọdún 1897

Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, ìtàn àwọn tí wọ́n tẹ ìlú dó àti ìtàn ogun àtijọ́ ni a sábà máa ń kà. Lọ́dún yìí, a bẹ̀ yín kí ẹ bá wa rìnnà jìn díẹ̀, dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí ìtàn kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ tí ń pa owó àti agbára pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan mọ̀. Ìtàn náà ni ti ogún ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jùmọ̀ gun kẹ̀kẹ́ ológeere fún ibùsọ̀ 1,900. Bí ènìyàn bá gbéra ní Èkó tí ó dé Kánò, tí ó padà sí Èkó, tí ó sì tún kọrí sí Kánò lẹ́ẹ̀kejì, nígbà náà ni ó tó rin ìwọ̀n ọ̀nà tí wọ́n rìn.

Àtọmọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Ní 1865 ni oko ẹrú dópin ní Amẹ́ríkà. Ní 1869 ni ìjọba dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí à ń pè ní ti 25 sílẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo ọmọ ogun inú rẹ̀, aláwọ̀ funfun sì ni àwọn ọ̀gá wọn. Ní 1888 a kó wọn lọ sí ìpínlẹ̀ Montana ní ìhà àríwá, níbi tí òkè pọ̀ sí tí òtútù sì ń mú. Ní ibùdó wọn ní Missoula ni ọ̀dọ́mọdé ọ̀gá kan tí ń jẹ́ James A. Moss ti dábàá pé kí a fi kẹ̀kẹ́ dán iṣẹ́ ogun wò. Ó ní kẹ̀kẹ́ kì í jẹ koríko bí ẹṣin, kì í mu omi, kì í pariwo, kì í sì í ru eruku púpọ̀ sókè tí ọ̀tá yóò fi rí i. Ọ̀gágun Nelson A. Miles, tí ó jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà náà, fi ọwọ́ sí i.

Wọn kò fi ìwàǹwára bẹ̀rẹ̀. Ní 1896, ọkùnrin mẹ́jọ péré ni Moss kọ́kọ́ kó jọ. Ó kọ́ wọn bí a ti ń gun òkè, bí a ti ń gbé kẹ̀kẹ́ fo ọgbà, àti bí ènìyàn méjì yóò ti fi igi gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká láti la odò kọjá. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún náà wọ́n kọ́kọ́ lọ sí adágún McDonald, wọ́n sì padà. Lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀, wọ́n tún gbéra lọ sí Yellowstone. Ìgbà tí àwọn kékeré wọ̀nyí yọrí sí rere ni wọ́n tó dáwọ́ lé ńlá. Ẹni tí yóò bá gun àgbọn, ìdí ni í ti í bẹ̀rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ 14 oṣù Júùnù, 1897, wọ́n kúrò ní Missoula, wọ́n dojú kọ ìlú St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ẹni mẹ́tàlélógún ni wọ́n: ogún ọmọ ogun tí wọ́n fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn, Moss, dókítà kan tí ń jẹ́ James M. Kennedy, àti Edward Boos, ọmọ ọdún 19, tí ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Missoula. Kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹrù orí rẹ̀ tó nǹkan bí kìlógíráàmù 27, èyí tí ó ju ìdajì àpò ìrẹsì lọ. Kúbùsù wà nínú ẹrù náà, àti aṣọ àgọ́, oúnjẹ àti ohun èlò ìdáná; ìbọn àti ọta sì tún wà lọ́rùn olúkúlùkù. A ti fi oúnjẹ ránṣẹ́ ṣíwájú wọn sí àwọn ibùdókọ̀ rélùwéè tí ó wà lójú ọ̀nà, kí ebi má baà dá wọn dúró.

Nígbà tí a kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì wa, ọ̀kan nínú wọn nawọ́ ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò sí ọkọ̀ ojú irin nígbà náà ni?” A dá a lóhùn pé ó wà, àti pé ojú irin náà gan-an ni wọ́n máa ń gùn nígbà tí ọ̀nà bá bàjẹ́, tí kẹ̀kẹ́ ń tà kútú-kútú lórí pákó abẹ́ irin. Òjò rọ̀ ní Montana, amọ̀ ibẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ táyà débi pé kẹ̀kẹ́ kò lè yí mọ́. Wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha á, wọ́n ń tì í, wọ́n ń gbé e. Lórí àwọn òkè ńlá, yìnyín bá wọn ní oṣù Júùnù. Nígbà tí wọ́n la Wyoming já tí wọ́n wọ ilẹ̀ iyanrìn Nebraska, oòrùn gba ipò yìnyín. Omi ibẹ̀ kún fún iyọ̀ ilẹ̀, ó sì dá inú wọn rú. Ojú àlá lásán ni kí ènìyàn gun kẹ̀kẹ́ lórí iyanrìn yẹn.

Kí ni ó mú wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ? Ní èrò tiwa, kì í ṣe agbára ẹsẹ̀ nìkan. Sájẹ́ǹtì Mingo Sanders ni àgbà láàárín wọn. Ó ti sún mọ́ ẹni ogójì ọdún, ojú kan ṣoṣo ni ó sì fi ń ríran dáadáa, síbẹ̀ òun ni ó ń darí àwọn ọ̀dọ́. John Findley mọ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ nítorí pé ó ti ṣiṣẹ́ rí ní iléeṣẹ́ tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ ní Chicago; nígbà tí ṣéènì bá já tàbí tí táyà bá jò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹni tí ó mọ orí kò mọ ẹsẹ̀, ẹni tí ó mọ ẹsẹ̀ kò mọ orí. Nígbà tí a pa wọ́n pọ̀ ni ara tó pé.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Júláì wọ́n wọ St. Louis. Ọjọ́ 41 ni ó jẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé, ṣùgbọ́n ọjọ́ 34 ni wọ́n fi wà lórí kẹ̀kẹ́ ní tòótọ́. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ibùsọ̀ 56 lójúmọ́. Àwọn ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ìlú náà jáde lọ pàdé wọn, wọ́n sìn wọ́n wọlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì tú jáde wá wò wọ́n. Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé wọn padà sílé.

Ìbá wù wá kí ìtàn náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í gé ìtàn ní ìdajì. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti Sípéènì ní 1898, ẹgbẹ́ 25 lọ jà ní Kúbà, a kò sì bá iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ náà lọ mọ́. Sanders sọ lẹ́yìn náà pé ní Kúbà, òun àti àwọn ènìyàn òun pín bisikíìtì wọn fún àwọn ọmọ ogun Theodore Roosevelt nígbà tí ebi ń pa wọ́n. Roosevelt di ààrẹ Amẹ́ríkà. Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, 1906, a yìnbọn ní ìlú Brownsville ní ìpínlẹ̀ Texas, ẹnì kan sì kú. Àwọn ará ìlú ní ọmọ ogun ẹgbẹ́ 25 ni ó ṣe é. Àwọn ọ̀gá wọn jẹ́rìí pé wọ́n wà ní bárékè. A kò gbé ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ ogun náà lọ sí ilé ẹjọ́. Síbẹ̀ Roosevelt lé ọmọ ogun 167 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìní ọlá, láìní owó ìfẹ̀yìntì. Mingo Sanders wà lára wọn, ẹni tí ó ti lé ní ọdún 25 lẹ́nu iṣẹ́, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ti kù díẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀, a kò gbọ́ tirẹ̀. Ó kú ní 1929.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Brownsville lọ fún ọdún 66. Ní 1972, ìjọba Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ pé a ṣẹ̀ wọ́n, a sì dá ọlá wọn padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo wọn tán. Ní 1974, àwọn ará Yunifásítì Montana kan jùmọ̀ gun kẹ̀kẹ́ láti Missoula lọ sí St. Louis ní ìrántí wọn.

Báwo ni àwọn tí ó gun kẹ̀kẹ́ ní 1974 ṣe mọ ọ̀nà tí a gbà ní 1897? Ìdáhùn rẹ̀ ni ó mú wa kọ ìwé yìí. Moss kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀. Boos, ọmọ ọdún 19 yẹn, kọ tirẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Orúkọ ogún ọmọ ogun náà wà nínú àkọsílẹ̀, láti orí Sanders títí dé orí ẹni tí ó kéré jù. Nígbà tí a fẹ́ ba orúkọ wọn jẹ́, ìwé wà tí yóò jẹ́rìí fún wọn.

Ẹ̀yin ará, àwa náà rin ìrìn àjò pọ̀ ní ìlú yìí. Àwọn bàbá àti ìyá wa ru iyanrìn láti odò, wọ́n ru òkúta, wọ́n dá owó, kí iléèwé tí àwa ti kàwé tó dúró. Orúkọ àwọn tí ó ṣí i wà lára ògiri. Orúkọ àwọn tí ó ru iyanrìn kò sí níbì kan. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè, wọ́n ṣì lè sọ ẹni tí wọ́n jọ ru ú. A bẹ ẹgbẹ́ kí adúgbò kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ kan tí ó mọ̀wé, kí ó lọ jókòó ti àwọn àgbà wọ̀nyí, kí ó sì kọ orúkọ náà sílẹ̀ kí ìwé ọdún tí ń bọ̀ tó jáde. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ bi àwọn àgbà tí ó wà lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Ẹ má jẹ́ kí ó tó ọdún 66.