Gbólóhùn Kan Nínú Ìwé Ìjọba

Ẹni tó bá gba Ẹlẹ́yẹlé kọjá lọ sí Ìjokòdó ní Ìbàdàn, ní àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde, lè bá àwọn ọmọ tó ń fi ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ pàdé lójú títì. Ijokodo High School wà níbẹ̀, níbi tí àwọn adití àti afọ́jú ti ń kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹlòmíràn lè rò pé ìjọba ló kọ́kọ́ gbé ìlànà kalẹ̀ kí irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ tó wáyé. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó lè gbọ́ ohùn olùkọ́, tó sì lè rí ohun tí a kọ sára pátákó, ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún. Àwọn yòókù di ti àwọn oníwàásù: ilé ìwé afọ́jú ti wà ní Gindiri láti ọdún 1953, kò sì pẹ́ tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì fi dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Èkó.

Ẹni tó mú ti Ìbàdàn wá, adití ni òun fúnra rẹ̀. Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ará Alabama ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àìsàn gba etí rẹ̀. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití, ní ọdún 1954. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti wà ní Accra, níbi tó ti ń yá kíláàsì lò bí àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn bá ti lọ sílé. Ní ọdún 1960 ó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tó yá, àwọn olùkọ́ láti àwọn ilẹ̀ tí ń sọ Faransé pàápàá ń wá sí Ìbàdàn yìí láti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò dúró de ìwé kankan láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Bàálù tó gbé e já ní Rwanda ní ọdún 1987.

Ọdún 1977 ni ìwé tó gbajúmọ̀ jù jáde, ìyẹn ìlànà ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe tirẹ̀ nígbà náà. Ìwé náà ní kí a fún gbogbo ọmọ ní àǹfààní kan náà, àbùkù ara yòówù kí wọ́n ní, àti pé kíkó wọn pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn ló dára jù. Ó tún ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún wọn títí dé yunifásítì, níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Níbi tó bá ti ṣeé ṣe! Gbólóhùn kékeré yìí ni mo rò pé ó gbé ìlérí náà mì. Ta ni yóò sọ pé ó ti ṣeé ṣe? Ìlànà kì í ṣe òfin. Òbí tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé kò lè fi pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Wọ́n tún ìwé náà ṣe lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ ṣì ń jókòó sílé.

Ìgbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2019, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Òfin náà sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀tọ́ wọn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ìwé girama. Ó sì ní kí ìjọba pèsè olùkọ́ àti irinṣẹ́ tó yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Àbújá ló ń san owó olùkọ́ ní Ìjokòdó, ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni kí òbí ti béèrè iye olùkọ́ tó gbọ́ èdè adití, àti ibi tí ìwé Braille wà.

Òfin kan náà fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024.