Àwòrán Ilẹ̀ Àwọn Òkè Skọ́tlándì

Ní ọdún 1746 ni àwọn ọmọ ogun Ọba George Kejì ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní Culloden, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Skọ́tlándì. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n sá wọ inú òkè lọ mọ gbogbo àfonífojì ibẹ̀. Àwọn ọ̀gá ológun kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní àwòrán ilẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní máàpù, tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.

Nítorí náà ni David Watson, ọ̀gá ológun, ṣe fi iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ náà lé William Roy lọ́wọ́ ní ọdún 1747, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21. Lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ awọnlẹ̀ di mẹ́fà. Sójà mẹ́fà ni ó wà lábẹ́ olórí kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan a máa ru ohun èlò tí a fi ń wo ìhà, méjì a máa fa ẹ̀wọ̀n, méjì a dúró níwájú àti lẹ́yìn bí àmì, ẹ̀kẹfà a sì máa ṣe ìránṣẹ́. Ojú ọ̀nà àti etí odò ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n wọ̀n. Ní ti àwọn òkè gíga, ojú lásán ni wọ́n fi díwọ̀n wọn, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn wọ́n. Íǹṣì kan lórí ìwé dúró fún 1,000 yáàdì lórí ilẹ̀.

Bí etí awọnlẹ̀ bá ti gbọ́ orúkọ ní èdè Gaelic ni ó ń kọ ọ́. Èyí kò ṣàjèjì sí wa: Clapperton pe Ọ̀yọ́ Ilé ní Katunga ní ọdún 1826, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Haúsá ń pè é.

Ní ọdún 1755, bí ogun Faransé ti ń súnmọ́ tòsí, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Roy tìkara rẹ̀ jẹ́wọ́ níkẹyìn pé kò péye tó.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun kan tí àwọn tí ó rán an níṣẹ́ kò rò tẹ́lẹ̀. Àmì pupa kéékèèké ni wọ́n fi ṣe ilé, wọ́n sì fa ìlà wẹ́wẹ́ sí ibi tí a ti ro oko. Ní ọdún 1814 àti 1819 a lé àwọn ará Strathnaver kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn kí àgùntàn lè rí ibi jẹko. A dáná sun ilé wọn. Irú ìparun bẹ́ẹ̀ dé bá ọ̀pọ̀ abúlé mìíràn ní àwọn òkè náà. Àwa kò lè yin ète tí a fi ya máàpù yìí, nítorí láti tẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí lórí ba ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ sí Ilé Ìkàwé Ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí yóò rí i níbẹ̀, àwọn àmì pupa náà kò sì tíì parẹ́.