Kóòdù Kì í Ṣe Àrokò

Bí ẹnìkan bá tún pe kóòdù kọ̀ǹpútà ní "àrokò" létí mi, n ó bi í bóyá ó ti kọ ọ̀kan rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì ń mú orí ẹni wú, àmọ́ kò bá iṣẹ́ náà mu.

Èmi kò kàwé gboyè nínú ẹ̀rọ. Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni mo fi ń ṣeré pẹ̀lú Arduino, bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tí àwọn kan ní Ivrea, ní Ítálì, bẹ̀rẹ̀ ní 2005 kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà lè rí nǹkan fi kọ́ṣẹ́. Orúkọ ọ̀pọ̀ nǹkan orí tábìlì mi kò la ariwo lọ. Wáyà ni wáyà, bátìrì ni bátìrì. Òjé tí a ń yọ́ fi lẹ wáyà ti wà lọ́wọ́ olórìṣà tipẹ́.

Orí àrokò ni ìjà wà. Bí ọkùnrin bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí obìnrin, ẹ̀fà ni: ọkàn rẹ̀ ń fà sí i. Bí obìnrin bá dá mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ ni: ọ̀rọ̀ wọn jọ. Ìró ló gbé ìtumọ̀. Etí tó gbọ́ Yorùbá ló ń tú u. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ rò ó, kó rántí ohun tó wà láàárín òun àti ẹni tó rán an. Kọ̀ǹpútà kì í ro nǹkan kan mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni. Fi w kékeré kọ àṣẹ digitalWrite, kò ní gbà á, bí ohun tí o fẹ́ sọ tilẹ̀ hàn kedere. Kọ delay(100), ìdúró kúkúrú, níbi tó yẹ kí delay(1000) wà, iná orí bọ́ọ̀dù yóò máa ṣẹ́jú wìrìwìrì títí bátìrì yóò fi kú.

Ẹ fi àrokò sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí WhatsApp ń dì pa, èyí tí ẹni tó ń gbé e kò lè kà. Ìránṣẹ́ tó ru ẹrù láìmọ ohun tó rù: àrokò gan-an nìyẹn.

Ká ní ilé ìwé kò tíì gba àròkọ ni, òun ni ǹ bá mú. À-rò-kọ: ohun tí a rò tí a sì kọ. Kí ni kóòdù tún jẹ́? Ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Kóòdù náà ni ká máa wí, bí a ti gba àlùbọ́sà lọ́wọ́ Haúsá, tí Haúsá gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá, tí ọbẹ̀ kò sì bàjẹ́.

Kòkòrò ńkọ́, fún àṣìṣe inú kóòdù? Wọ́n ní "bug" Gẹ̀ẹ́sì la tú. Lóòótọ́, ní 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ Mark II ní Harvard rí àfòpiná nínú rẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ìta ni àfòpiná yẹn ti wọlé. Kòkòrò tiwa tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, bẹ́ẹ̀ sì ni àṣìṣe kóòdù: ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ló ti wá. Mo fara mọ́ ọn.

"Ìpakòkòrò" tí wọ́n fẹ́ so mọ́ ọn, fún yíyọ àṣìṣe náà kúrò, ni n kò gbà. Òórùn oògùn oko kòkó ló ń run. Ṣíṣà ni iṣẹ́ náà. A máa ń ṣa ẹ̀wà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójú àtẹ, kí a tó gbé e kaná. Ẹ jẹ́ ká máa ṣa kóòdù.